Nígbà Tí A Tú Díńgí Lára Máṣíìnì Ọkọ Mi

Díńgí la kọ́kọ́ tú. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, mo fi sípánà sí i lọ́wọ́, ó tú ti ọ̀tún, ó tú ti òsì. Ó kó méjèèjì fún mi pé kí n wá ibi tó dáa gbé wọn sí, nítorí ẹni tó bá máa ra máṣíìnì náà lọ́wọ́ wa yóò nílò wọn lójú títì. Mo ní mo gbọ́. Mo wọlé, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún tó mi, mo fi etí ìró nu ojú, mo sì padà síta bí ẹni tó lọ mu omi.

Máṣíìnì tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọ̀kadà tí wọ́n fi ń gbé èrò. Alùpùpù ńlá ni, tòkunbọ̀ aláwọ̀ búlúù, tó jẹ́ pé bí ó bá ń ti Odogbolu bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó tó yà wọ àdúgbò wa. À ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ sáré lójú ọ̀nà tí wọ́n sé, níbi tí ọkọ̀ kankan kò ní pàdé rẹ̀, tí ewúrẹ́ kò ní dábùú, tí ọmọdé kò ní já lu títì lójijì. Ọjọ́ kan péré ni. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọkọ mi kò ní gun máṣíìnì mọ́ láyé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí inú ṣì ń bí mi títí di òní. Ìkíni ló tú àṣírí. Tíṣà ni ọkọ mi, físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Odogbolu, ọlọ́yàyà ènìyàn sì ni. Ṣàdédé ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Aránṣọ tó wà ní ìkóríta wa ní òun kí Tíṣà, Tíṣà ò dá òun lóhùn. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Ayépé ránṣẹ́ sí wa pé òun na ọwọ́ sí ọmọ òun lẹ́bàá títì, ọmọ òun gbójú síwájú, ó kọjá lọ bí ẹni tó kọjá lára òpó iná. Bí ènìyàn bá ṣe àṣìṣe mìíràn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n lè fi orí jì í. Kí ó ṣáà má jẹ́ pé kò kí àgbà.

Ẹnu wá ṣí sí wa. Àwọn kan ní owó ti dé sọ́wọ́ Tíṣà. Àwọn kan ní èmi ìyàwó ni mo kọ́ ọ, nítorí wọ́n ti mọ̀ mí sí ẹlẹ́nu ṣóṣóró látọjọ́ tí mo ti ń ta páàtì máṣíìnì. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa nípa ẹnu mi. Mo bínú sí wọn, mo sì tún bínú sí òun náà. Nígbà tó dé lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ Ayépé dé bá wa, mo bi í pé kí ni àwọn ènìyàn fi ṣe é tó fi ń já wọn kulẹ̀ lójú títì. Ó ronú títí. Ó ní òun kò rí ẹnikẹ́ni lọ́nà Ayépé lọ́jọ́ náà.

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, wọ́n sì parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ àṣà tuntun. Ibi yòówù tó bá ń gbà kọjá, á máa kí ọ̀tún, á máa kí òsì, yálà ènìyàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí máṣíìnì, à ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. A dé ẹ̀gbẹ́ ilé kan tí òrùlé rẹ̀ ti wó, tí koríko ti bo ẹnu ọ̀nà, ó rọra fa búrèkì, ó tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń fi ọwọ́ lù ú lẹ́yìn. Mo ní, Dádì, ta lẹ ń kí, ṣé àwọn aláǹgbá ni? Kò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti fura pé ojú rẹ̀ ni.

Èmi ni mo fà á lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ojú ní kí ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan tó dà bí abọ́ funfun ńlá, kí ó máa wo àárín. Wọ́n fi bọ́tìnì kékeré sí i lọ́wọ́. Ìgbàkígbà tó bá ti rí iná tó tàn fìrí nínú abọ́ náà, kí ó tẹ̀ ẹ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún pẹ́ gan-an. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò náà kàn wà bẹ́ẹ̀, tó gbé e lé bọ́tìnì, tó ń dúró de iná. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni, mà?"

Nọ́ọ̀sì wojú mi kí ó tó dáhùn. Ó ní, "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, sà."

Ohun tí dókítà sọ fún wa kò ṣòro láti yé ènìyàn. Àìsàn náà máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín. Ohun tó bá ti jẹ kò ṣe é gbà padà. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè bẹ̀ ẹ́ kó má yára, ìyẹn náà ni gbogbo agbára tí oògùn ní. Ọkọ mi ń rí iwájú rẹ̀ ketekete, ó lè ka ìwé, ó lè rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀ bó bá ṣáà ti wo ọ̀gangan ibi tó wà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù ló ń wo ayé, páìpù náà yóò sì máa tínínrín sí i. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì ríran mú un délé, nítorí dókítà ti ní kó má gun máṣíìnì lójú títì mọ́, ó sì ti gbà.

Ó gbà lóòótọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bọ́ọ̀sì ló wá ń wọ̀ lọ sí Odogbolu. Máṣíìnì wà lábẹ́ tapólì ní ẹ̀yìnkùlé, ní ọjọ́ Sátidé á ṣí i, á nù ún, á tún bò ó. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò fẹ́ kí wọ́n máa káàánú òun. Mo ní, wọ́n ṣáà ń pè yín ní agbéraga. Ó ní ìyẹn sàn. Ẹ wo ìran Ìjẹ̀bú bí wọ́n ṣe rí: wọ́n á kúkú jẹ́ kí a bú wọn ju kí a kẹ́dùn pẹ̀lú wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n sé wá dé. Ẹ̀sítéètì kan wà lọ́nà ibi tí à ń gbà lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí àwọn tó ni ín da ọ̀dà sí gbogbo títì rẹ̀ tán kí owó tó tán lọ́wọ́ wọn. Títì wà, ilé ò sí. Àwọn kan tó fẹ́ràn máṣíìnì ńlá máa ń gba ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á to táyà àlòkù sí àwọn kọ́ọ̀nà, gbogbo wọn á máa sáré yípo sí apá kan náà. Ọkọ mi gbọ́ nípa wọn lọ́dọ̀ tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Nígbà tó sọ fún mi, mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Mo pariwo. Mo ní ṣé ojú tó ń lọ yìí ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn tó fẹ́ fi ọrùn náà kún un. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, torí ó ti mọ̀ mí, bí ìṣáná ni mo máa ń jó, kì í pẹ́ kú.

Ó wá ní, "Mọ́mì, ìgbà tí mo gùn ún kẹ́yìn, n ò mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn ni. Ilé ni mò ń bọ̀. Mò ń ronú ohun tí a máa jẹ. Mo fẹ́ gùn ún lẹ́ẹ̀kan tí màá mọ̀."

Mo ní ó dáa. Mo ní ṣùgbọ́n tó bá ti dé, máṣíìnì yẹn di títà. Ó ní òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń tú díńgí. Àwọn ẹgbẹ́ náà fi ìlànà wọn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì ń kà á sí i létí bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Gbogbo ohun tí máṣíìnì fi ń bá ará títì sọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò. Wọ́n ní kí a tú nọ́ńbà, kí a tú fèrè, kí a tú iná tó ń sọ pé mo fẹ́ yà. Iná iwájú tí kò ṣe é tú, wọ́n ní kí a fi téèpù bò ó, kí gíláàsì má baà fọ́n ká bó bá ṣubú. Wọ́n ní kí a da omi aláwọ̀ ewé inú rèdíétọ̀ nù, kí a bu omi lásán sí i, torí omi aláwọ̀ ewé yẹn máa ń yọ̀ bí ilá bó bá jò sójú títì, ó sì lè gbé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣubú. Mo ń kà, ó ń tú. Nígbà mìíràn kì í wò ó rárá, ó kàn ń fi ìka wá orí sikúrù, sípánà á sì dé ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ríran ju ojú mi lọ.

A dé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni èmi máa ń gbẹ́sẹ̀ lé láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra. Kí n tó di ìyàwó rẹ̀, oníbàárà mi ni, pulọ́ọ̀gì ló máa ń wá rà lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí mo fi sọ fún un pé kò sí máṣíìnì tó ń jẹ pulọ́ọ̀gì báyẹn, kó sọ ohun tó ń wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gun ẹ̀yìn rẹ̀. Nísinsìnyí ó di ibi ìgbẹ́sẹ̀lé náà mú, kò tú u. Ó ní bóyá wọn ò ní wo ìyẹn. Ìwé wọn sọ pé wọ́n máa wò ó. Mo gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú méjèèjì fúnra mi, mo sì jù wọ́n sínú abọ́, torí bí mo bá jẹ́ kí a jókòó máa wò wọ́n, a ò ní ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ tó le jù ni ti bóòtù tó dé ojú ọ́ìlì. Wọ́n ní kí a lu orí rẹ̀ já pẹ̀lú díríìlì, kí a ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ihò náà, kí a lọ́ ọ, kí a so ó mọ́ ara ẹńjìnì, kí bóòtù má baà tú lórí eré. Ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ni. Ó gbé díríìlì lé e, ẹnu rẹ̀ yẹ̀, ó ṣẹ́. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà ṣẹ́. Ó gbé díríìlì sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ń wo iwájú. Mo gbà á. Mo gbé ẹnu rẹ̀ lé bóòtù, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń sọ fún mi bó bá ti ń wọ́ sápá kan: gbé e sókè díẹ̀, jẹ́ kó dúró, má tì í, jẹ́ kó máa jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ihò já. A lọ́ wáyà náà pa pọ̀. N kò rò pé a tíì súnmọ́ ara wa tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti lọ sí yunifásítì.

Ohun tó kù tó ń dà mí láàmú ni àsíá. Ìlànà wọn ní àwọn ènìyàn máa dúró sí àwọn kọ́ọ̀nà, wọ́n á mú àsíá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fi aláwọ̀ ìyeyè, kí a dẹ eré. Bí wọ́n bá fi pupa, kí a dúró. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n máa dúró sí, ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an sì ni ọkọ mi ò ní. Mo sọ fún un. Ó ní òun ti rò ó. Bí òun bá mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dúró sí, òun á yí orí síbẹ̀ kí òun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, mo sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu. Ó bọ́gbọ́n mu títí di òní.

Píkọ́ọ̀pù kan la fi gbé máṣíìnì lọ láàárọ̀ Sátidé náà. Olórí wọn, apòògùn kan tó kéré sí wa lọ́jọ́ orí, kí wa dáadáa, ó yẹ máṣíìnì wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fa wáyà ara bóòtù, ó ní ta ló bá wa ṣe é, iṣẹ́ náà mọ́. Inú mi dùn bí aláìmọ̀kan. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi ní kí n bá òun fi ẹsẹ̀ rìn yí ọ̀nà náà ká. À ń rìn, mò ń fi ibi tí àwọn alásìíá dúró sí hàn án, òun náà ń fi ohun tó máa rántí sàmì sí i: igi ọ̀pẹ níbí, òkìtì yanrìn lọ́hùn-ún, ògiri tí wọn ò kọ́ tán. Ó kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n kí i padà. Ó wò mí, ó ní àwọn yìí máa ń dáhùn.

Ó dé akoto, ó gun máṣíìnì, ó lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ń rí ọkọ mi lórí máṣíìnì láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Lójú títì, ó máa ń kíyè sára bí ẹni tó ru ẹyin. Níbẹ̀, ó gbé àyà lé táńkì, ó gé kọ́ọ̀nà bí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bó bá ti ń súnmọ́ igi ọ̀pẹ, mo rí i tí akoto rẹ̀ yí síbẹ̀ wéré, ó sì tún padà síwájú. Ó yí sí òkìtì yanrìn. Ó yí sí ògiri. Kò gbàgbé ọ̀kankan. Omi ń dà lójú mi, mò ń rẹ́rìn-ín, n kò sì bìkítà pé àwọn ènìyàn ń wò mí. Mo ń sọ fún Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ kí eléyìí tó o.

Mo ti rò pé ó ti ń parí bọ̀ nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ṣubú lápá ọ̀hún, lójú ọ̀nà tó gùn tó lọ tààrà, níbi tí kò sí kọ́ọ̀nà. Kò fara pa púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ há sábẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Alásìíá tó wà lẹ́bàá òkìtì yanrìn ṣe ohun tí ènìyàn rere máa ṣe. Ó sáré kúrò ní ibùdúró rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tààrà náà, ó ń ju àsíá pupa sókè sódò kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kíákíá. Ẹlòmíràn ti ń fa máṣíìnì kúrò lára ẹni tó ṣubú. Gbogbo àwọn tó kù dẹ eré, wọ́n dúró.

Ọkọ mi dé ibi òkìtì yanrìn. Mo rí akoto rẹ̀ tó yí síbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sí àsíá. Ó yí orí padà síwájú, ó sì fún máṣíìnì ní epo.

Mo pariwo, ta ló máa gbọ́? Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ alásìíá bí ìjì. Ó kọjá lára àwọn méjèèjì tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń fa máṣíìnì fò sẹ́yìn, ó ṣubú lé ìdí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há kò lè fò. Àlàfo tó wà láàárín orí rẹ̀ àti táyà ọkọ mi, n kò fẹ́ wọ̀n ọ́n.

Ó yí ká, ó rọra wọlé sọ́dọ̀ mi, ó pa ẹńjìnì. Ó bọ́ akoto. Òógùn bo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé ibi tó jẹ́ pé ó dà bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń wá ra pulọ́ọ̀gì. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ rí mi?"

Apòògùn náà sáré dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àsíá pupa la jù sí yín. Ènìyàn wà nílẹ̀. Ẹ ò dúró, ẹ ò tilẹ̀ dẹ eré. Kí la ṣe fún yín?"

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú ọkọ mi fún ìgbà díẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbà lọ. Ó ní òun wo ibi tí alásìíá máa ń wà, kò sí níbẹ̀. Apòògùn ní ó kúrò níbẹ̀ nítorí ẹni tó ṣubú, àti pé gbogbo ènìyàn ló rí i. Àwọn yòókù ti ń dé, wọ́n yí wa ká. Ẹnì kan lẹ́yìn ní àwọn àgbàlagbà kan wà tí ìgbéraga wọn máa pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ló já okùn ẹnu mi.

Mo ní, "Kò rí i. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Iwájú nìkan ló ń rí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ létí ẹlòmíràn. Ojú wọn yí padà kíákíá, mo sì rí àánú náà tí ọkọ mi ti ń sá fún, ó dé sójú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò bínú sí mi. Ó tẹrí ba, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lára máṣíìnì, ó fi sí mi lọ́wọ́, ó sì pa ìka mi dé lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀, ó gbójú sí ọ̀kánkán. Ó ní, "Ẹni tó ṣubú yẹn dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti tiro dé tipẹ́. Apá òsì ọkọ mi ló dúró sí, èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ó ń wò ó. Mo di ọkọ mi lápá mú, mo sì rọra yí i.